Ẹ́ńjìnnì dísù inú pikọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà: ta ló ń ṣe é, èwo ló sì ń tọ́jọ́?

Ọmọ Ọ̀yọ́ Houston

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ra pikọ́ọ̀pù dísù tó ti rìn díẹ̀, kí n máa fi wọ́ tírélà. Ọkọ̀ ni màá máa kó láti Houston lọ sí Oklahoma àti Louisiana, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà bí iṣẹ́ bá pọ̀. Owó ọwọ́ mi kò ká tuntun. Mo ti ń wo Ford F-350, Ram 3500 àti Chevrolet 3500, ṣùgbọ́n bí mo bá bi ẹni méjì léèrè, ìdáhùn mẹ́ta ni mò ń gbà. Ẹnì kan ní Ford kọ́ ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì Ford. Òmíràn ní àwọn ará Japan ló ṣe ti Chevrolet. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe èwo? Èwo ló lè dé 300,000 máìlì láìjẹ́ pé mo sọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì di ilé? Ìjà orúkọ kọ́ ni mo bá wá, iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi tọ́mọ ni.

Mẹkáníìkì Indy

Ẹ kú ìmúra iṣẹ́. Ọkọ̀ dísù ni mò ń tún ṣe níbí ní Indianapolis. Àmì tó wà níwájú ọkọ̀ kì í sọ ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Cummins ló ń ṣe ti Ram, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Dodge tẹ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ Cummins láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìlú Columbus ní Indiana níbí ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1919. Inú ọkọ̀ ọdún 1989 ni Dodge kọ́kọ́ gbé 5.9 wọn sí (iye lítà, bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, ni irú nọ́ńbà yìí ń sọ): sílíńdà 6 tó tò lórí ìlà kan, pẹ̀lú tọ́bò. Agbára ẹṣin rẹ̀ kò ju 160 lọ, àmọ́ agbára ìfà rẹ̀ jẹ́ 400 lb-ft. Wọn ò tilẹ̀ ṣe é nítorí pikọ́ọ̀pù. Cummins àti ilé iṣẹ́ Case tó ń ṣe katakata ló jọ dáwọ́ lé e, fún ẹ̀rọ oko àti ẹ̀rọ ìkọ́lé tó ń ṣiṣẹ́ tilẹ̀ ń ṣú lábẹ́ ẹrù. Irin rẹ̀ nípọn nítorí ìyẹn. Ní 2007 ni wọ́n sọ ọ́ di 6.7.

Ti Ford: láti 1983 títí dé 2010, International ló ń ṣe dísù fún pikọ́ọ̀pù wọn, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó di Navistar lọ́dún 1986. 6.9 ló ṣáájú, 7.3 tẹ̀ lé e ní 1988, Power Stroke 7.3 dé ní 1994, lẹ́yìn náà 6.0 ní 2003, àti 6.4 ní 2008. Navistar ló ṣe gbogbo wọn. Láti ọkọ̀ ọdún 2011 ni Ford ti ń ṣe 6.7 tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ní Chihuahua, Mexico.

Ti General Motors ló gùn jù. Oldsmobile, ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́ wọn, ṣe dísù 5.7 kan láti 1978 sí 1985. Bóòtì tó di orí ẹ́ńjìnnì náà mú kò ju iye tí wọ́n ń lò fún ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù lọ, bẹ́ẹ̀ ìfúnpá inú dísù ju ti pẹtiróòlù lọ fíìfíì. Wọn ò tún fi ohun tó ń ya omi kúrò nínú dísù sí i. Ẹ́ńjìnnì yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà sá fún dísù títí dòní. 6.2 ti 1982 àti 6.5 ti 1992 tẹ̀ lé e, ti Detroit Diesel. Ẹ̀mí wọn gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n wọn ò lágbára. Ní 2001 ni Duramax 6.6 dé. GM àti Isuzu ilẹ̀ Japan ló jọ ṣe é, ní DMAX, ilé iṣẹ́ tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ ní Moraine, Ohio. Nítorí náà, ẹni tó ní ará Japan ló ṣe é kò purọ́, kò sì sọ tán. Ní 2022, GM ra ìpín Isuzu, DMAX sì di tirẹ̀ nìkan.

Ìyá Ẹlẹ́rù Dallas

Ẹ ṣé o, Bàbá Indy. Èmi tí mò ń kó ọkọ̀ fún àwọn ilé ìtajà káàkiri Texas, 7.3 Power Stroke ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò yára. Ó ń pariwo débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ pa á kó tó lè bá ẹni tó wà ní fèrèsé ilé oúnjẹ sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ fi epo sí i, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, ó parí.

Ohun kan péré ni kí ẹ fi sọ́kàn nípa rẹ̀: CPS, nǹkan kékeré tó ń sọ ibi tí kámù wà fún ọpọlọ ọkọ̀. Bó bá kú, ẹ́ńjìnnì á kú pẹ̀lú rẹ̀ láìkìlọ̀, ì báà jẹ́ lórí afárá. Kò sí ẹni tó mọ 7.3 tí kì í fi ọ̀kan tuntun àti sípánà 10 sínú àpótí iwájú ọkọ̀. Bóòtì kan ló dì í mú. Ẹ ó dọ̀bálẹ̀, ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá títì, ẹ ó máa lọ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé 2003 ni wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Èyí tó bá wá láti Ohio tàbí Michigan, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó; iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù ti lè jẹ irin rẹ̀ tán.

Akẹ́rù Atlanta

Mo fara mọ́ ti 7.3, Àǹtí, ṣùgbọ́n wọ́n ń pa irọ́ mọ́ 6.0. Ọkọ̀ náà ń fà dáadáa, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ nítorí orúkọ burúkú. Ẹni tó bá gbọ́n, òun ni kó rà.

Mẹkáníìkì Indy

Wọn ò pa irọ́ mọ́ ọn, àbúrò, ó kàn jẹ́ pé àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sọ ohun tó fà á. Ẹ jẹ́ kí n tú u síta, torí pé ohun tó ṣe 6.0 lè ṣe òmíràn.

Òfin èéfín ti le sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn jáde, ni wọ́n bá fi EGR sí i, èyí tó ń dá apá kan èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì láti tún un jó. Èéfín yẹn gbóná. Omi rédíétọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tù ú nínú EGR cooler. Ṣùgbọ́n kí omi náà tó dé EGR cooler, inú oil cooler, ohun tó ń tu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ló ń gbà kọjá, ọ̀nà ibẹ̀ sì tóóró. Yanrìn tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí wọ́n da irin blọ́ọ̀kù, àti ìdọ̀tí tó dì nínú omi rédíétọ̀ tí wọn ò pààrọ̀, á máa dí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá dí, EGR cooler kò rí omi mọ́, á gbóná, á bẹ́. Omi á dà sínú sílíńdà, ìfúnpá á ga ju bó ṣe yẹ lọ, á sì máa gbé orí ẹ́ńjìnnì sókè. Bóòtì mẹ́rin ló yí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ká, wọn á nà, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó. Ohun tí onímọ́tò máa rí ni èéfín funfun lẹ́yìn, àti omi tó ń tú jáde lẹ́nu agolo omi rédíétọ̀.

Kí a tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, ọ̀pọ̀ wa ló máa ń gbé gbogbo apá tí awakọ̀ ń jókòó sí kúrò lórí férémù ọkọ̀. A ó tú bóòtì rẹ̀, a ó yọ wáyà àti páìpù, a ó fi ẹ̀rọ gbé e sókè bí ẹni ṣí ìkòkò. Ẹ wá ronú owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti pé kí ó rà á: bí ẹni tó ń tà á bá ní ìwé lọ́wọ́ pé wọ́n ti fi bóòtì tó le sí i, wọ́n ti pààrọ̀ oil cooler, wọ́n sì ti fi EGR cooler tó lágbára rọ́pò ti àtijọ́, ẹ lè bá a dúnàá dúrà. Láìsí ìwé, ẹ kọjá lọ. Ẹ fi sikánà wò ó lójú ọ̀nà pẹ̀lú: bí ọ́ìlì bá fi ju 15°F lọ gbóná ju omi lọ nígbà tí ẹ ń sáré gooro lójú títì, oil cooler ti ń dí nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ 6.0 yìí náà ló gbé Ford àti Navistar dé ilé ẹjọ́ ní 2007, lórí ẹni tí yóò san owó àtúnṣe. Wọ́n parí ẹjọ́ ní 2009, ọkọ̀ 2011 sì ti dé pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Ford fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Houston

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó wá jọ pé Cummins ni kí n gbà kí n sinmi?

Mẹkáníìkì Indy

Ọdún wo ni? Ìbéèrè yẹn ló ṣáájú orúkọ. 5.9 ti àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní 12-valve títí dé 1998, kò ní kọ̀ǹpútà lórí, kò sì ń bẹ̀rù iṣẹ́. Síbẹ̀, píìnì irin kékeré kan wà níwájú rẹ̀, lára ìdérí tó bo àwọn gíà kámù. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á máa tì í jáde, bó bá sì bọ́ sáàárín gíà, ó lè fọ́ gbogbo ibẹ̀. Pẹlẹbẹ irin kékeré kan lábẹ́ bóòtì ló ń dá a dúró, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe é.

24-valve tó tẹ̀ lé e láti 1998 sí 2002 ń lo pọ́ǹpù VP44. Dísù tó ń gba inú pọ́ǹpù yẹn kọjá náà ló ń tù ú, òun náà ló ń fún un ní ọ́ìlì. Pọ́ǹpù kékeré tó ń gbé dísù wá bá a kò lágbára. Bí kékeré bá rẹ̀, ńlá á kú, ẹni tó ni ọkọ̀ á sì máa bú Cummins. Blọ́ọ̀kù kan tún wà láàárín ọdún wọ̀nyẹn tí nọ́ńbà 53 wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń sán, omi á máa jò. Láti 2003 sí 2007, 5.9 ti common rail, tí páìpù kan ń pín dísù fún gbogbo nọ́sù tó ń fọ́n ọn sínú sílíńdà, ìyẹn ni mo máa ń sọ fún àwọn aláìlówó-tuntun.

Ẹ má gbàgbé gíábọ́ọ̀sì o. Gíà ọtọmátíìkì Dodge ayé ìgbà yẹn kò lágbára tó ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Duramax, gíà Allison ni wọ́n fi sí i, ìyàtọ̀ ńlá sì ni fún ẹni tó ń wọ́ ẹrù.

Ìbàdàn Diesel

Nissan Titan XD náà ní Cummins. Ẹ̀gbọ́n mi ní Maryland ní kí n bá òun wádìí rẹ̀.

Ẹnjiníà Ohio

Cummins ni lóòótọ́, àmọ́ V8 5.0 ni, kì í ṣe ẹ̀yà ti Ram rárá. 2016 sí 2019 ni Nissan fi ta á, wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ẹ́ńjìnnì tí wọn ò ṣe pẹ́, ẹ̀yà rẹ̀ á máa wọ́n sí i lọ́dọọdún ni.

Ohun tó mú mi wá síbí nìyí: a ti ń sọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì, a ò tíì sọ ẹni tó ṣe pọ́ǹpù. Bosch ti Jámánì ló ń ṣe pọ́ǹpù fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní oríṣiríṣi àkókò. CP3 rẹ̀ ní písítìnì mẹ́ta, alágbára ni. Lẹ́yìn náà ni CP4 dé, tí èyí tí wọ́n fi sí V8 ní méjì péré. Abẹ́ písítìnì kọ̀ọ̀kan ni róláà kan wà tó ń yí lórí kámù. Kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí. Bó bá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa gbẹ́ kámù, ìyẹ̀fun irin á bá dísù wọ inú páìpù, á wọ nọ́sù, á tún bá dísù tó ń padà lọ sínú táǹkì. Láti táǹkì títí dé nọ́sù kẹ́yìn ni ẹ ó pààrọ̀.

Dísù ló ń fún pọ́ǹpù ní ọ́ìlì. Ìlànà Amẹ́ríkà fàyè gba dísù tó gbẹ ju ti Yúróòpù lọ: nínú àyẹ̀wò tó ń wọn ojú ìfà tó bá hàn lára irin, Amẹ́ríkà gbà dé 520 micron, Yúróòpù kò gbà ju 460 lọ. CP4 wà nínú Duramax 2011 sí 2016, ó wà nínú Power Stroke 6.7 láti 2011. Ram náà gbé e wọlé ní 2019 àti 2020, wọ́n sì pe àwọn ọkọ̀ náà padà ní 2021, wọ́n fi CP3 rọ́pò rẹ̀. Duramax 2017 ti kúrò lórí rẹ̀, ó lọ sí ti Denso.

Ìyá Ẹlẹ́rù Dallas

Ẹ̀gbọ́n Ohio, ẹ ti fọwọ́ kan ojú egbò mi. Mi ò ní dárúkọ ọkọ̀ náà. Ẹrù wà lẹ́yìn mi, mo ń gun òkè kan, ọkọ̀ sì pa mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n paná lé lórí. Kò fọnfèrè, kò ta èéfín. Nígbà tí mẹkáníìkì tú fílítà dísù, ó da ohun inú rẹ̀ sínú abọ́ funfun kan, ó ní kí n wò ó lábẹ́ iná. Ìyẹ̀fun irin tó ń dán ló wà nísàlẹ̀ abọ́ yẹn. Wàráńtì ṣì wà lórí ọkọ̀ o, wọ́n ní dísù burúkú ni mo rà, wọn ò sanwó. Gbogbo ìwé epo tí mo rà ló wà lọ́wọ́ mi, wọn ò wò ó.

Ó dùn mí títí dòní. Ẹni tó bá ra èyí tó ní CP4, kó máa pààrọ̀ fílítà dísù ṣáájú àsìkò tí ìwé ọkọ̀ sọ, kó máa ya omi kúrò níbẹ̀, kó sì máa tọ́jú ìwé ẹ̀rí epo rẹ̀. Àwọn kan ń ra ohun tí wọ́n ń so mọ́ pọ́ǹpù kí irin má bàa dé nọ́sù bó bá bàjẹ́. Mo ti fi sórí èyí tí mò ń lò báyìí.

Ìbàdàn Diesel

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ilé, ní Nàìjíríà, ni mo ti ń kọ̀wé. Mo fẹ́ kí wọ́n bá mi fi pikọ́ọ̀pù dísù ọdún 2013 kan ránṣẹ́ sí Èkó. Ṣé kò níí yọ mí lẹ́nu?

Mẹkáníìkì Indy

Àbúrò, ẹ má ṣe é. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ọdún yẹn ní DPF lábẹ́, tó ń gba dúdú èéfín sínú kí ó tó jó o dànù. Dísù tí wọ́n ń tà níbí láti 2006 ni wọ́n ṣe é fún, èyí tí imí ọjọ́ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 15 ppm lọ. Dísù tí imí ọjọ́ rẹ̀ ga á dí i pa, ọkọ̀ náà á dín agbára ara rẹ̀ kù títí yóò fi máa rìn bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ta ni yóò bá yín fi kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tú u ní Ìbàdàn? Ẹ wọ Ládípọ̀, ẹ béèrè nọ́sù Duramax, kí ẹ tún béèrè ti Hilux, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Hilux dísù ayé àtijọ́, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ 5L, tí kò ní tọ́bò, yóò sìn yín ju V8 tó ga bí ilé lọ.

Akẹ́rù Atlanta

Ṣé kò kúkú lè yọ DPF yẹn dànù? Gbogbo èèyàn ló ń yọ ọ́.

Mẹkáníìkì Indy

Níbí, òfin kò gbà á, mi ò sì ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi. Cummins alára, nítorí ohun tí ìjọba ní wọ́n fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ Ram 2013 sí 2019, tó tó 630,000, gbà láti san owó ìtanràn tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là 1.6. Bí wọ́n bá lè mú ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, kí ni ti èmi?

Ọmọ Ọ̀yọ́ Houston

Mo ti rí méjì tí owó mi ká. Ọ̀kan ni Ram 3500 ti 2005, 5.9 common rail. Èkejì ni Chevrolet 3500 ti 2006, Duramax tí wọ́n ń pe ẹ̀yà rẹ̀ ní LBZ. Kò sí DPF lórí èyíkéyìí, CP3 ni pọ́ǹpù àwọn méjèèjì. Kí ni kí n wò?

Mẹkáníìkì Indy

Ẹ ti ń yan bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, ó ń fi nǹkan pamọ́. Kí ẹ tó tan án, ẹ fún páìpù omi rédíétọ̀ lọ́wọ́. Bó bá le bí ẹni pé atẹ́gùn wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó ti sùn mọ́jú, ẹ ṣọ́ra fún gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ tan án, ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí ẹnu ihò náà. Bí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì bá tì í ṣubú, àwọn ríìngì ti jẹ.

Lára Duramax yẹn, ẹ bi í léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti fi kọ̀ǹpútà fún un ní agbára kún agbára. Písítìnì LBZ máa ń sán bí wọ́n bá tì í kọjá àyè rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó fọwọ́ kan án, èmi ò rí èyí tó dára jù ú lọ nínú gbogbo Duramax. Lára Ram, ẹ gbé iwájú rẹ̀ sókè, ẹ mi táyà, torí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì rẹ̀ máa ń jẹ. Ẹ wọ́ ohun tó wúwo díẹ̀ kí ẹ wo bí gíà ṣe ń yí. Lórí méjèèjì, kí mẹkáníìkì wọn dísù tó ń padà láti ara nọ́sù. Èyí tó bá dá púpọ̀ padà, nọ́sù rẹ̀ ti ń kú.

Nítorí Allison, àti nítorí òkè tó wà lọ́nà Oklahoma, ti 2006 ni èmi á mú.

Ìyá Ẹlẹ́rù Dallas

Ó ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi yín. Ẹ ní ọkọ̀ mẹ́ta. Ṣé ẹ ní CDL, ìwé àṣẹ àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ńlá? Bí ìwọ̀n pikọ́ọ̀pù àti ti tírélà tó wà lára ìwé wọn bá ju 26,000 lb lọ lápapọ̀, tí tírélà sì ju 10,000 lb lọ, ó di dandan. Ọ̀pọ̀ wa ló fi tírélà 14,000 lb bẹ̀rẹ̀ kí a má bàa kọjá ààlà yẹn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́ta kò lè wà lórí rẹ̀ láìju ìwọ̀n lọ. Àwọn ọlọ́pàá ojú títì Texas ní ìwọ̀n nínú ọkọ̀ wọn o.

Ọmọ Ọ̀yọ́ Houston

Mi ò tíì gbà á, Àǹtí. Tírélà 14,000 ni màá rà nígbà náà, ọkọ̀ méjì ni màá máa kó títí ìwé á fi jáde. Ẹni tó ni Duramax ní kí n wá ní àárọ̀ Sátidé, ó ti gbà láti fi í sílẹ̀ ní tútù, mẹkáníìkì kan ní Katy sì ti ní òun á bá mi wọn nọ́sù. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà.